Kọ́bọ̀ Oníhò Bọ̀dá Òkè

Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n gbogbo agbo-ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló gbà pé Bọ̀dá Òkè ń ṣe oògùn owó. Kí lẹ fẹ́ ká pè é? Ọkùnrin tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, gbogbo Sátidé lọ́jà Jankárà, á lóṣòó ti àwọn lékulẹ́ja, á máa ṣa kọ́bọ̀ oníhò ayé àtijọ́ láàárín orí ọ̀bọ! Ìyá Eléwé ló rí i. Ìyá Eléwé kì í sì í purọ́, àfi tó bá kan gbèsè. Ẹgbẹ̀rún méjì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ Iléyá, àmọ́ ìyẹn kọ́ la ń sọ.

Òru ọjọ́ kan, iná lọ. Mo gòkè lọ yá ìṣáná lọ́wọ́ Bọ̀dá Òkè. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ìṣáná ni.) Ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni mo ti rí i: tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, dígí lójú, kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Mo sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn ṣí, mo bá ara mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀.

"Àǹtí, ẹ káalẹ́. Ẹ wá wò ó."

Ó ní òǹtẹ̀ irin ni wọ́n fi ń tẹ owó. Tó bá lu owó títí tó sán, irin owó á wọ ojú sísán náà, á wú síta bí iṣan ọwọ́ arúgbó. Mo wo inú dígí: iṣan kan gbéra létí ihò, ó la ìràwọ̀ onígun mẹ́fà kọjá, ó lọ kú sídìí ọdún. Ó ní ohun tó bá ṣàjèjì lára owó ń da àwọn ará Amẹ́ríkà lórí rú. Sẹ́ǹtì bàbà wọn ti 1793, "AMERI." ló wà lára òmíràn, wọn ò kọ orúkọ ìlú wọn parí, òun ló sì wá gbówó lórí. Èmi tí mi ò kọ orúkọ mi parí nílé ìwé, ẹgba ni mo jẹ.

Ó tún ní Ọba Edward Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lo ọdún kan lórí ìtẹ́ ní 1936 tó fi gbé adé sílẹ̀ nítorí obìnrin. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ò rí owó orúkọ ẹ̀ ná. Àmọ́ kọ́bọ̀ tiwa níhò láàárín, kò gba orí ọba, orúkọ lásán ló ń gbé. Wọ́n tètè tẹ̀ ẹ́, a sì ná an.

Ni mo bá rántí àpótí ìyá àgbà. Kọ́bọ̀ kan wà níbẹ̀, ó ti dúdú. Ojú tì mí láti gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o títí ó fi ń dán bí ṣíbí ìyàwó tuntun. Bọ̀dá Òkè gbà á, ó fi dígí wò ó, ó káwọ́ lérí. 1936. Edward. H tí ilé iṣẹ́ Heaton tó ń tẹ owó ní Birmingham nígbà náà fi ń ṣàmì wà lára ẹ̀. Ó ní kọ́bọ̀ náà ò kúkú wọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀, àmọ́ iṣan kan wà lára ẹ̀ tí òun ò rí irú ẹ̀ rí, mo sì ti fi eérú bó o tán.

Ní báyìí, Ìyá Eléwé ń sọ kiri pé èmi àti Bọ̀dá Òkè la jọ ń ṣe oògùn owó. Ẹ bá mi gba ẹgbẹ̀rún méjì mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá rí kọ́bọ̀ nínú àpótí ìyá yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọ̀ ọ́.