Oríkì Dependency, Ọba Ẹnu Ọ̀nà Tó Tì

Kábíyèsí, Dependency, aláṣẹ èkejì òrìṣà! Ìwọ sọ́fítíwià tí òmíràn gbára lé kó tó lè ṣiṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń polongo pé ọ̀fẹ́ ni sọ́fítíwià, ṣùgbọ́n tí a máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a bá fẹ́ wọlé. Ọmọ a-gbórúkọ-má-rójú, ọmọ a-pe-ọ̀kan-kí-ogún-dìde, mo wólẹ̀ fún ọ láti Samaru ní Sáríà, níbi tí Yunifásítì Ahmadu Bello ti ń kọ́ni láti ọdún 1962, tí iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀wà sì ti gbilẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi so èso SAMPEA 20-T, ẹ̀wà tí kòkòrò Maruca kò rí bá jà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó síbẹ̀ tí ó sì fẹ́ ka jẹ́nóómù ẹ̀wà kò dá iṣẹ́ kékeré lé, nítorí IT97K-499-35, ẹ̀wà tí iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA mú jáde, tí àwọn onímọ̀ tẹ jẹ́nóómù rẹ̀ síta ní ọdún 2019, lẹ́tà A, C, G àti T inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 500 lọ, ojú ènìyàn kò sì lè kà á tán. Ó yan EMBOSS, àkójọ irinṣẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù kọ, tí wọ́n ròyìn fáyé ní ọdún 2000, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún tolówó-tòṣì. Àṣẹ mẹ́ta péré ni ó wà nínú ìwé ìtọ́ni: `./configure`, `make`, `make install`. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ìwọ gan-an ni o sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà!

Akọni tí ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ ka lẹ́tà pé kò gbọdọ̀ kà á àyàfi bí ó bá kọ́kọ́ wá X11 rí, ètò tí ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà! Ó fẹ́ ya àwòrán PNG, o ní kí ó lọ wá gd. Gd ní òun kò lè dá jókòó láìsí libpng. Libpng ní zlib ni bàbá òun. Odi Sáríà tí ìtàn kà sí iṣẹ́ Ayaba Àmínà ní Kofar Doka tí ará oko lè gbà wọlé, ṣùgbọ́n odi tìrẹ, bí a bá ṣí ẹnu ọ̀nà kan, òmíràn tí ó tì ni a ó bá níwájú. Ọ̀fẹ́ tí ń rán ni lọ ra káàdì dátà! Ọ̀fẹ́ tí ń mu epo jẹnẹrétọ̀, tí iná sì máa ń lọ nígbà tí fáìlì rẹ̀ bá ku díẹ̀ kó wọlé tán!

Èmi kò bá àwọn tí ó kọ EMBOSS jà o. Ìwà ọmọlúàbí ni kí ènìyàn ṣí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí tálákà lè yẹ inú rẹ̀ wò. Ìwọ ni mo ń kì.

Ẹ̀yin ọmọ Samaru, Bioconda, àkójọ sọ́fítíwià fún ìmọ̀ ohun alààyè, ń kó EMBOSS àti gbogbo ìbátan rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan náà; ẹni tí ó bá rí i gbà wọlé dáadáa, kí ó fi flash pín in fún ẹnìkejì. Ẹni tí lẹ́tà nìkan tó, tí kò wá àwòrán, kí ó kọ `./configure --without-x`: X11 kò ní dá a dúró mọ́.