Ṣòkòtò Àgbàwọ̀ ní Ouagadougou

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ṣòkòtò ni wọ́n ń bá wí. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí oníṣòkòtò yóò máa kiri ìlú, tí yóò máa sanwó fúnni kí á ṣáà lè wọ tirẹ̀. Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ti rí i.

Ní 2014, pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, ìjọba Burkina Faso gbé ètò kan lọ sáwọn ẹkùn kan. FBR ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé bí iṣẹ́ bá ṣe rí ni owó yóò ṣe rí. Rùwáńdà ló ti gbayì. Láti nǹkan bí 2006 ni wọ́n ti ń lò ó jákèjádò ilẹ̀ wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ròyìn rẹ̀ títí dé Washington. Kò le rárá: iye aboyún tí nọ́ọ̀sì bá gbẹ̀bí fún, iye ọmọ tó bá tọ́jú, òun la ó fi ṣírò owó tí ilé ìwòsàn rẹ̀ yóò gbà. Ta ni kò fẹ́ owó?

Ṣùgbọ́n olówó kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ wo nọ́ọ̀sì CSPS, ilé ìwòsàn kékeré abúlé, bó ṣe dojú kọ ìwé gbàǹgbà, tó ń fa ìlà, tó ń kọ orúkọ, tí ìyá ọlọ́mọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń wò ó. Bó bá kọ ọ́ tán, olùyẹ̀wò á wá ka ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará ìlú tí wọ́n háyà yóò wá aláìsàn lọ sílé, kí wọ́n bi í bóyá lóòótọ́ ló gba ìtọ́jú. Kò sí orúkọ àdúgbò, kò sí nọ́ńbà ilé. Bí o bá sì pe Ouédraogo láàárín ọjà nílẹ̀ Mossi, ìdajì ọjà ló máa dá ọ lóhùn. Ó rẹ àwọn kan nínú wọn, wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn aláìsàn. Obìnrin tó lọ gba oògùn ìfètòsọ́mọbíbí láìsọ fọ́kọ ńkọ́? Àlejò kan ilẹ̀kùn, ó ní òun wá bèèrè ìtọ́jú tí ìyàwó ilé gbà. Ìjà dé. Kò sí ìlà tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí nínú ìwé FBR.

Owó náà kò tilẹ̀ tètè dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Ní 2016, ìjọba tún sọ ìtọ́jú aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 di ọ̀fẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo, àpò méjì ló ń sanwó rẹ̀, ìwé méjì ni nọ́ọ̀sì ń kọ. Nígbà tó di 2018, owó Báńkì Àgbáyé tán, FBR sì kógbá sílé.

Ẹ má tíì dá oyìnbó lẹ́bi o. Owó oògùn tí wọ́n mú kúrò lọ́rùn àwọn ìyá ní 2016 yẹn, ìpàdé àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà ní Bamako, ní 1987, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀: kí aláìsàn máa sanwó, kí oògùn má bàa tán. Pahou, láàárín Cotonou àti Ouidah, wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò. Ìtòsí wa níbí ni wọ́n ti rán ìyẹn, síbẹ̀ ó fún tálákà lẹ́sẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Báńkì Àgbáyé gbé irú ètò yìí kan náà wá bá ẹ̀yin, Adamawa àti Nasarawa, láti nǹkan bí 2011. Nítorí náà, bí olùdíje bá tún dé pẹ̀lú ètò ìlera tó gbayì nílùú ẹlòmíràn, ẹ bi í kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle: ta ni yóò máa sanwó rẹ̀ bí owó àlejò bá tán?