Ta Ló Rán Mi Ní Aago Wíwò?

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìlá, ẹ gbà mí o. Ẹni tó bá bímọ sí Adó-Èkìtì ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà, torí kò sílé tí wọn ò ti retí ọ̀jọ̀gbọ́n. Iyán ni mo sáré wálé wá jẹ. Ọmọ mi tó ń múra WAEC ti so òkúta mọ́ okùn, ó fi kọ́ àtẹ́rígbà. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fóònù yín wo aago."

Okùn jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà. Òkúta fì lọ fì bọ̀ nígbà 20, ó gba ìṣẹ́jú àáyá 40. A dín okùn kù sí 25. Mo ní yóò gba 10. Irọ́! 20 ló gbà. Okùn dín sí ìdámẹ́rin, àkókò dín sí ìdajì péré. Ọmọ ní nínú ìṣirò àkókò, okùn ló ní agbára (power) ìdajì. Agbára tèmi ńkọ́, tí ebi ń pa?

Ó to àmì gbogbo okùn tí a wọ̀n sórí gíráàfù, wọ́n tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó. Ó wá log okùn, ó log àkókò, ìlà bá tọ́ gbọnrangandan. Ó tún gbé omi gbígbóná kalẹ̀. Láàárín àkókò kan náà ni ooru tó fi ju ti yàrá lọ ń dín sí ìdajì, ìdajì: 60, 30, 15. Ti èyí, ooru nìkan là ń log. Bí ẹ bá log aago mọ́ ọn, ìlà tún wọ́. Èyí yé mi wàrà, owó oṣù mi nìyẹn: ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìdajì ohun tó kù. Kì í tán, kò sì tó ra iṣu.

Ohun tó dùn mí jù ni okùn 64. Ó yẹ kó gba 32, tiwa gba 36, torí alájọ pè mí sórí fóònù tí mo fi ń wo aago. Àmì náà dá dúró lókè ìlà bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Nígbà tí ọmọ gbé e lọ sílé ìwé, olùkọ́ fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀: "Ta ló ka èyí?"

Àbúrò mi ní ká kàn sún un sórí ìlà. Mo kọ̀. A tún un kà, 32 ló jẹ́. A kọ méjèèjì sílẹ̀.

Olùkọ́, èmi ni mo kà á. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ iyán yín tán kí ẹ tó gba iṣẹ́ aago.