Ayé Ló Ń Ṣe Fóònù Mi

Bí fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra lọ́wọ́ ẹni wa, kì í kọ́kọ́ fura sí bátìrì. Ayé ni. Ẹnìkan ti fi ojú burúkú wò ó. N ò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn mọ́, nítorí ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Ayé wà lóòótọ́; Kalifọ́níà ni wọ́n ń gbé. Ètùtù tí wọ́n sì ní ká rú kò ju bátìrì tuntun lọ, wọ́n tiẹ̀ dín owó rẹ̀ láti dọ́là 79 sí 29.

Ẹ gba ọ̀nà Ọba Adesida ní Àkúrẹ́ lọ, ẹ ó rí àwọn babaláwo tó ń rú u. Ẹnjiníà á ṣí ẹ̀yìn fóònù, á tẹ́ bátìrì sórí gíláàsì, á fi ìka kan ta á. Bó bá ń yí bí òkòtó, ó ti wú nìyẹn. Ẹ má gún un, ẹ má sì gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, ó lè gbiná. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta tòkunbọ̀ ti ń yọjú: “Dádì, tiyín yìí ti sanwó ara ẹ̀ o, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi.”

Òótọ́ ni pé àsìkò ń tó nígbà mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, WhatsApp kọ iPhone 6 sílẹ̀, bátìrì tuntun ò sì lè bẹ̀ ẹ́. Samsung ṣèlérí ọdún méje fún Galaxy S24 pé àtúnṣe ààbò kò ní dá. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà fún yín léèrè pé mélòó ni ti èyí tó gbé dání. Ẹ ó rí i bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kámẹ́rà.

Kámẹ́rà yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Níbi ìnáwó l'Óǹdó, fóònù kì í dojú sókè lórí tábìlì. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo iyán, kí àlejò lè ka ojú kámẹ́rà. Ẹni tí tiẹ̀ lójú kan ṣoṣo, inú àpò ló ń gbé. Bó bá dún, á jáde lọ gbé e lẹ́yìn kánópì.

Fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ lójú mẹ́ta ò sì kéré lówó. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tó náírà 500 ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,500. Fóònù dọ́là 200 wá di owó oṣù mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń gba 70,000, bí kò bá jẹ tí kò mu.

Àwọn tó ń tà á láwìn á ní kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pẹ́ san, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí wọ́n wà, wọ́n á tì í pa mọ́ yín lọ́wọ́.

Ògbólógbòó tí Àkúrẹ́ bá kọ̀ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá l'Óǹdó ló ń gbà lọ. Ìyá á pààrọ̀ bátìrì, á fi gbọ́ ìwàásù láàárọ̀, á fi wo fídíò ọmọọmọ lálẹ́. Lópin oṣù, ọmọ á délé pẹ̀lú ojú mẹ́ta tó ti kú fin-ín.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín. Mo fẹ́ bẹ àwọn tó tì í.”