Ọ̀nà Kan Kò Wọjà, Ẹrù Dà?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn baba wa wí, wọn kò sì purọ́. Nítorí pé ẹni tí ó bá mọ Ọjà Ọba ní Ìbàdàn, mesì Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, yóò mọ̀ pé bí àwọn kan ti ń gba ẹsẹ̀ òkè Màpó bọ̀ ni àwọn mìíràn ń gba Bẹẹrẹ wọlé, kò sì sí ẹni tí ó ń bi ìyálọ́jà léèrè ọ̀nà tí ó gbà dé, bí ohun tí ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ bá ti ṣe é rà. Ọ̀rọ̀ ìfaradà ni òwe náà láyé àtijọ́. Òun ni wọ́n fi ń pa ẹni tí ó fẹ́ bẹnu àtẹ́ lu ìṣe aládùúgbò rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jogún òwe tí kò jogún ọgbọ́n inú rẹ̀, nǹkan mìíràn ni yóò máa fi ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu baba ọlọ́mọ kan lónìí, ní àkókò tí ìdánwò JAMB tí a fi ń wọ yunifásítì ń kanlẹ̀kùn, ẹ má ṣe rò pé ìfaradà ni ó ń wí: owó ni ó ń kà lọ́wọ́, ó fẹ́ ra ọ̀nà fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀nà náà ti rí ná. Ṣáájú ọdún 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan àwọn ọmọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá pé a gba àyè ní Ìbàdàn, a gbà á ní Ifẹ̀, a tún gbà á ní Èkó, yóò jókòó sórí ọ̀kan, méjì yòókù yóò sì ṣófo nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Ìjọba rí i pé èyí kò sunwọ̀n, wọ́n sì dá àjọ JAMB sílẹ̀ ní 1978, kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà lè gba ẹnubodè kan ṣoṣo wọlé. Èyí ni pé wọ́n pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀nà kan ni yóò máa wọ ọjà. Ẹ wo ẹni tí ń bá òwe jìjàkadì! Nígbà tí ó di 2005, àwọn yunifásítì fúnra wọn, tí ojú wọn ti rí ọmọ tí máàkì rẹ̀ kan sánmà tí kò sì lè kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀, ti la ọ̀nà tiwọn sẹ́yìn ẹnubodè náà, ìyẹn ìdánwò tí à ń pè ní Post-UTME lónìí.

Ìdánwò JAMB fúnra rẹ̀ kì í ṣe àdììtú. Iṣẹ́ mẹ́rin ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, máàkì 400 lápapọ̀. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò tó fún àgbàlagbà méjì láti kíra wọn tán láàárọ̀. Àwọn tí ń jókòó fún un sún mọ́ mílíọ̀nù méjì lọ́dún kan, àyè tí ó wà fún wọn kò sì tó iye wọn. Nítorí náà èmi kò bá òbí tí àyà rẹ̀ ń já wí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti jókòó sílé fún ọdún kẹta, tí ẹgbẹ́ ọmọ náà ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Nítorí ibi tí ó ń kó owó rẹ̀ sí ni mo fi bá a wí.

Ẹ wo Bàbá Wálé, orúkọ tí mo kàn fún un ni, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ ju orúkọ lọ. Ó gbéra, ó di ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn.

“Tíṣà, 168 ni Wálé gbà. Èló ni ẹ máa gbà kí ó tó di 300?”

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Bí Wálé bá lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́ láti oṣù kẹsàn-án…”

“Oṣù kẹsàn-án kẹ̀! Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ń sọ ti oṣù kẹsàn-án. Ẹ tún un wò, Tíṣà. Ọ̀nà kan kò wọjà.”

Tíṣà yẹn ṣe olóòótọ́, nítorí náà Bàbá Wálé fi í sílẹ̀, ó lọ bá ti òpópónà kejì. Lọ́dọ̀ tibẹ̀, wọn kì í kọ́ ọmọ ní ìbéèrè, ìdáhùn ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ké e bí ẹni ń ké ẹsẹ Ifá pé B, D, A, A, C. Bí ẹ bá sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n bèèrè tí a fi ní D, wọn yóò ní ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ àwọn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà a máa da ìbéèrè pọ̀ mọ́ra, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ kanra kì í rí ohun kan náà níwájú wọn. Ìwé ìtàn tí JAMB ní kí wọ́n kà, The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ, kò nípọn rárá; síbẹ̀ àkékúrú rẹ̀ ni wọ́n ń rà, àwọn mìíràn sì ń wá ẹni tí yóò ké àkékúrú náà kúrú.

Àwọn baba wa pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ ìrántí ṣeré. Wọ́n ní ìsọ̀yè, tí akẹ́kọ̀ọ́ Ifá ń lò kí ohun tí olúwo kọ́ ọ má baà jábọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ awo tí ń lo ìsọ̀yè náà, ẹsẹ̀ olúwo ni ó ń sùn, ibẹ̀ ni ó ń jí, fún ọdún gbọọrọ. Ohun tí ó ti wọlé ni oògùn náà ń ṣọ́, kì í lọ pe ohun tí kò wọlé rí. Ti òde òní yàtọ̀. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí àwọn ọmọ nílé àdúrà tí wọ́n na bírò sókè kí wọ́n ta òróró sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà, mo sì ń gbà á. Àmọ́ láti 2015 tí gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà, bírò kò ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe níbẹ̀ mọ́. Ta ni yóò dá wòlíì lọ́nà kí ó sọ fún un pé máòsì ni ó yẹ kí ó fi òróró kàn?

Ọ̀nà tí ó gbówó lórí jù ni ti mírákù sẹ́ńtà, níbi tí ọmọ Èkó ti ń lọ ṣe WAEC, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ní abúlé tí kò mọ orúkọ ọba rẹ̀, tí olùkọ́ yóò sì kọ ìdáhùn sójú pátákó fún un. Ní ti JAMB, nígbà tí wọ́n mú ìka àti ojú ọmọ wọ inú ẹ̀rọ kí ẹlòmíràn má baà jókòó dípò rẹ̀, a rò pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti dí. Àjọ náà kò mọ̀ wá! Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2025 láti wádìí màgòmágó jábọ̀ pé àwọn rí ọ̀ràn 4,251 nínú èyí tí wọ́n da ìka ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ ti ọmọ, 190 nínú èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n inú ẹ̀rọ po ojú ẹni méjì pọ̀, àti 1,878 tí wọ́n pe ara wọn ní àfín láìjẹ́ àfín. Ní ilẹ̀ yìí kan náà tí a ti ń fi àfín ṣe yẹ̀yẹ́! Bí Ọbàtálá, tí àfín jẹ́ ẹni rẹ̀, bá ní kí òun ka àwọn ènìyàn òun lọ́dún náà, ìbísí wọn ìbá yà á lẹ́nu.

Kì í ṣe pé àwọn tí ń ṣọ́ ẹnubodè kò ní ẹ̀bi tiwọn. N kò ní fẹnu kan ejò Makurdi, tí a gbọ́ ní 2018 pé ó gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì ní ọ́fíìsì JAMB. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2025, nígbà tí èsì jáde tí àwọn tí kò gba 200 ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ, ariwo ta. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n bá àṣìṣe tí ó kan ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù Ìlà-Oòrùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Ọlóyèdé tí ó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà nígbà náà sì sunkún ní gbangba, ó tọrọ àforíjì, wọ́n tún ìdánwò náà ṣe fún wọn. Mo kan sáárá sí i. Ní ìlú tí ẹni ńlá kì í jẹ̀bi, omijé ọ̀gá ọ́fíìsì kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni Bàbá Wálé ti ń wí pé ẹ̀rọ ni ó jẹ máàkì ọmọ òun, Wálé tí ó jókòó ní Ìlọrin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí àṣìṣe kankan. Òdiwọ̀n tí ó kéré jù fún yunifásítì lọ́dún náà sì ni 150, kò tó ìdajì 400. Wálé kọjá rẹ̀, kìkì pé iṣẹ́ dókítà ni bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí fún gbogbo ẹbí.

Ohun tí ń sọ 168 di 240 kò fara sin. Kí ọmọ ka ohun tí ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì, kí ó máa ṣe ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú aago níwájú, kí ó padà sí èyí tí ó ṣì títí yóò fi mọ ìdí tí ó fi ṣì í, kí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹrù nìyẹn, ó wúwo, ẹnikẹ́ni kì í bá ọmọ rù ú, ìdí nìyí tí kò fi ní oníbàárà.

Wálé wọ yunifásítì ṣá, nítorí pé owó kò tán. Ara dẹ̀ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ìdánwò GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ gbogbogbò, A dé D sì wà níbẹ̀ bí ó ti mọ̀ wọ́n láti ilé. Ìgbà tí ó kan ti ẹ̀ka tirẹ̀, wọ́n pín tákàdá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà lójú rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wálé kà á, ó tún un kà, ó yí tákàdá náà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, A dé D kò sí nínú tèmi.”