Ìjàpá, Alága Òórùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, àti àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí kò nímú.

Nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé láti Bárígà títí wọ Ṣómólú, Erin ni ọba wọn. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Ìjàpá ń ṣe ní Ṣómólú. Kàlẹ́ńdà ni, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni, ìwé "Ẹ dìbò fún mi" ni, kò sí èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í tẹ̀. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ará ìlú a dá owó gọ́tà, Ìjàpá a sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Lọ́dọọdún náà ni àgbàrá ń wọ yàrá wọn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Ìjàpá kó owó gọ́tà, ó di etí ọ̀sà ní Bárígà. Ó fi ra ẹja tútù agbọ̀n méje lọ́wọ́ àwọn ìyá Ìlàjẹ, ó ní òun yóò tà á nígbà tí ẹja bá wọ́n. Ó kó o sínú fírísà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó to bébà bò ó. Àfi gbàù tí iná lọ! Iná kò dé lọ́jọ́ kìíní, kò dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, fírísà ti di pósí. Òórùn gba ìlú kan, ó ń rùn gbìì.

Erin pe ìpàdé. Kí wọ́n tó jókòó, Ìjàpá ti dìde: "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yìí gba ìgbìmọ̀ olùwádìí. Ẹ fi mí ṣe alága, kí ará ìlú sì dá owó ìwádìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìjàpá lọ tẹ ìwé ẹ̀rí imú, ó ń tà á. Ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ sọ pé nǹkan ń rùn. Erin ra tirẹ̀, Ẹlẹ́dẹ̀ ra tirẹ̀. Ní ti Ajá, imú rẹ̀ ti mú un dé ẹnu ọ̀nà Ìjàpá láti alẹ́ ọjọ́ kẹta. Ìjàpá ki orí ẹja méjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni Ajá ti ń sọ pé ọ̀fìnkìn ń ṣe òun.

Ibẹ̀ ni Èèrà, Eṣinṣin, Ẹ̀fọn àti Aràn bá wọn. Aràn yìí kì í ṣe ti inú ọmọdé o; èyí tín-ín-tín tó ń gbé inú èso jíjẹrà ni, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ.

"Imú yín dà?" ni Ìjàpá bi wọ́n.

Èèrà ní, "Alága, ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí mi yìí ni mo fi ń gbóòórùn. Bí mo bá rí oúnjẹ, n ó ta òórùn sílẹ̀ bí mo ti ń padà bọ̀, àwọn ọmọ ìyá mi a sì tọ ipa rẹ̀ débẹ̀."

Eṣinṣin ní, "Ìwo orí lèmi náà ń lò. Bí mo bá sì bà lé ọbẹ̀ yín, ẹsẹ̀ ni mo fi ń tọ́ ọ wò."

Ẹ̀fọn ní, "Àwa abo nìkan là ń mu ẹ̀jẹ̀, ọkọ mi kò sí níbẹ̀. Èémí tí ẹ ń mí síta lóru ló ń júwe ilé yín fún mi. Bí mo bá sún mọ́ tòsí, òórùn ẹsẹ̀ yín a parí iṣẹ́."

Ó kan Aràn. "Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ka sẹ́ẹ̀lì iṣan tí mo fi ń mọ nǹkan, 302 péré ni. Kòkòrò àìfojúrí ni mò ń jẹ, òórùn rẹ̀ ni mo sì fi ń wá a. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá jẹ tó dá àìsàn sí mi lára, mo ti mọ òórùn rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá tún gbọ́ ọ, n ó yà bàrá."

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń dìmú. "302! Ẹ lé wọn síta!"

Èèrà kò bá a jiyàn. Ó dá orin, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbè é:

Ìjàpá ló gbẹ́ja pamọ́ o,
*Ó ń rùn gbìì!*
Ó fi bébà bò ó mọ́lẹ̀ o,
*Ó ń rùn gbìì!*
Ajá jẹ orí ẹja, ó dákẹ́ o,
*Ó ń rùn gbìì!*
Erin nímú, kò fi tọpa o,
*Ó ń rùn gbìì!*

Ìlà èèrà gùn láti ààfin dé ilé ìtẹ̀wé, ará ìlú ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n kó bébà kúrò, wọ́n ṣí fírísà: ìdin ń yí lórí ara wọn. Ọ̀fìnkìn Ajá san lójú ẹsẹ̀, òun ló kọ́kọ́ gbó, "Olè!" Wọ́n na Ìjàpá débi pé ó fa orí wọnú karawun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fa orí wọlé bí ó bá ti gbúròó ènìyàn.

Ẹ rò pé ó tán? Nígbà tí òjò ọdún kejì ṣú, Ìjàpá yọ orí, ó tẹ kàlẹ́ńdà tuntun, ó pín in lójúlé-lójúlé pẹ̀lú ìrẹsì kóńgò kọ̀ọ̀kan. Ará ìlú tún dá owó gọ́tà, wọ́n tún kó o fún un. Erin ló kọ́kọ́ san tirẹ̀. Aràn nìkan ló yà bàrá.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé imú gígùn kọ́ ni ọgbọ́n. Ẹ̀yin ará Ṣómólú, ẹ̀yin ará Bárígà, sẹ́ẹ̀lì tó wà lágbárí yín ju 302 lọ fíìfíì. Bí ẹni tó kó owó gọ́tà èṣí jẹ bá tún kan ilẹ̀kùn yín lọ́dún yìí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé gọ́tà èṣí dà.