Bàbá Gọ́ọ̀fù Ti Tún Dé O!

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ má jẹ́ kí ilé kejì gbọ́. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹnu mi nìkan ni kò gbádùn ìdákẹ́. Ṣé ẹ rántí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí òórùn bẹntiróòlù gba gbogbo àgbàlá, tí a ní jẹnẹrétọ̀ bàbá onílé ló ń jò? Irọ́ la pa mọ́ jẹnẹrétọ̀. Bàbá Gọ́ọ̀fù ni!

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń gbé báàgì kọ́ èjìká, ó di pápá gọ́ọ̀fù Oníreke. Owó ìfẹ̀yìntì rèé, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń wọlé. Tòkunbọ̀ ni wọ́n rà, ọ̀pá 9 nínú báàgì tó ti ya nídìí. Àwọn ọmọ wa ní, "Bàbá, kò pé!" Bàbá ní òfin ò ní kó pé, pé 14 ni kò gbọdọ̀ jù, àti pé láti 1938 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi òfin yẹn lélẹ̀. Ọ̀pá 14! Fún bọ́ọ̀lù kan tí kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, tí ẹyin adìẹ sábà máa ń wúwo jù ú lọ! Èmi tí mo ní ọmọorógùn kan ṣoṣo, òun ni mo fi ń ro àmàlà, òun náà ni mo fi ń lé ewúrẹ́ onílé.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ́n, bẹntiróòlù. Rọ́bà ìdìmú àwọn ọ̀pá náà ti gbó, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Bàbá ní bí rọ́bà bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, èèyàn á fún un mọ́ra jù, apá á gan, bọ́ọ̀lù á gba inú igbó lọ. Wọ́n bá fi abẹ bó rọ́bà àtijọ́, wọ́n fi téèpù tó ń lẹ̀ níhà méjèèjì wé ọ̀pá, wọ́n da bẹntiróòlù sí i kí tuntun lè yọ́ wọlé kíá. Èmi rèé, mo gbé sítóòfù tó ń jó bọ̀! Igbe tí ìyàwó wọn ké lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló gbà wá.

Ọmọ fọkanáísà ẹnu ọ̀nà ló yanjú ìyókù. Ó fi ẹnu rọ́bà bọ ìdí ọ̀pá, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò kékeré tó wà nídìí rọ́bà náà, rọ́bà wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ó sì yọ́ wọlé jẹ́jẹ́. Bó ṣe pa atẹ́gùn, rọ́bà di ọ̀pá mú gírígírí. Kò sí bẹntiróòlù, kò sí igbe. Owó atẹ́gùn táyà méjì ló gbà.

Tó bá jẹ́ èmi, ibẹ̀ ni mo ti máa dúró. Ṣùgbọ́n Bàbá ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní dẹ́rẹ́bà (ẹ má bi mí mọ́tò tó ń wà) ti gùn jù fún àwọn, nítorí ẹ mọ̀ pé wọn ò ga. Wọ́n mú sáà, wọ́n gé íǹṣì kan kúrò nídìí rẹ̀. Ta ló sọ fún wọn pé kí wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i kí wọ́n tó gé e? Rọ́bà ṣòfò!

Bí ọ̀pá ṣe kúrú, orí rẹ̀ wá ń fúyẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n tún padà sọ́dọ̀ fọkanáísà, wọ́n gba òjé tí wọ́n ń kàn mọ́ réèmù kí táyà má baà máa gbọ̀n. Gíráàmù méjì péré, wọ́n ní ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n. Òfin gbà wọ́n láàyè láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́, wọn ò gbọdọ̀ fi kún un.

Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé orí kí ni wọ́n ti fi òòlù tẹ́ òjé náà pẹrẹsẹ. Orí ọlọ ata! Òjé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́! Ìyàwó wọn gbé ọlọ náà sọnù ní ìṣojú gbogbo wa, owó ọlọ tuntun sì jẹ gbogbo ohun tí Bàbá ní àwọn fi pamọ́.

Ṣé ó wá ṣiṣẹ́? Ọmọ àbúrò ọkọ mi tó ń bá wọn gbé báàgì ní bọ́ọ̀lù Bàbá ò wọ igbó mọ́. Inú kòtò iyanrìn ló ń wọ̀ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín. Orí ọ̀pá kan yọ lánàá, Bàbá ti fi Araldite lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi í ti ẹ̀yìn fèrèsé mi. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o, ó di ọ̀la kó tó gbẹ.